Ṣé kí n yọ irin ẹnu hándù máṣíìnì mi? Ìdáhùn fún àbúrò wa tó ń ṣe dìsípáàṣì

Àbúrò wa kan tó ń fi máṣíìnì gbé ẹrù fáwọn kọ́sítọ́mà láti Challenge lọ sí Bódìjà, Mọ́kọ́lá, nígbà míì títí dé Òjòó, ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn irin róbótó méjì tó wà lẹ́nu hándù máṣíìnì mi yìí, mo fẹ́ yọ wọ́n kúrò ni. Wọ́n máa ń ha ara Máíkírà tí mo bá fẹ́ gba àárín go-slow kọjá ní Dùgbẹ̀, àwọn dírẹ́bà á wá máa bú mi. Ọ̀rẹ́ mi ti yọ tiẹ̀, ó ní fáńsì lásán ni. Mẹkáníìkì mi náà ní kò sí nǹkan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, pé tọ́wọ́ bá wá ń gbọ̀n mí tó bá yá, kí n rọ iyanrìn sínú hándù. Kí lẹ rí sí i?"

Àbúrò, o kú iṣẹ́, o kú oòrùn. O lè yọ ọ́ o, máṣíìnì á ṣì sítáàtì, á ṣì gbé ẹ dé ibi tó ò ń lọ. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ tó ò ń ṣe yìí, tó o ń gùn ún látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ká ní èmi ni, mi ò ní yọ ọ́ kí n wá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Iṣẹ́ tí irin yẹn ń ṣe ju ẹyọ kan lọ, ọjọ́ tó o bá sì yọ ọ́, gbogbo iṣẹ́ yẹn ló máa dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí ọ̀rẹ́ ẹ ò rò dé nìyẹn.

Ká kọ́kọ́ bi ara wa ná, ṣé òun gan-an ló ń ha mọ́tò? Lọ yá tépù lọ́wọ́ télọ̀, gbé máṣíìnì dúró ṣánṣán, wọn hándù láti ẹnu òsì dé ẹnu ọ̀tún, kó o wá wọn dígí ẹ méjèèjì náà láti ìta dé ìta. Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì iṣẹ́, dígí ló máa ń yọ síta ju irin lọ, tàbí kí wọ́n jọ fẹ̀ dọ́gba. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lára tìẹ, o lè yọ irin tán kó o ṣì máa ha Máíkírà lọ bó o ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọwọ́ á kàn tún máa gbọ̀n ẹ́ kún un ni. Dígí lo máa tú nọ́ọ̀tì ẹ̀, kó o yí i wọlé díẹ̀, kó o rí i pé o ṣì ń rí ẹ̀yìn dáadáa, ó tán, o ò ná kọ́bọ̀.

Tó bá wá jẹ́ irin ló yọ síta jù lóòótọ́, mọ iye tó o máa jèrè. Irin kan sábà máa ń yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4, méjèèjì pọ̀ kò ju 8 lọ. Àárín mọ́tò méjì tó jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 8 yẹn ló máa pinnu bóyá wàá kọjá tàbí o ò ní kọjá, èmi ò rò pé ó yẹ kó o kó ara ẹ sí i rárá, pàápàá ní Dùgbẹ̀ tó jẹ́ pé èrò á kàn ṣílẹ̀kùn bọ́ sílẹ̀ láìwẹ̀yìn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ́ńjìnì máṣíìnì tó pọ̀ jù nígboro Ìbàdàn, písítìn kan ṣoṣo ló ní. Písítìn yìí á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nílẹ̀, wọ́n sì ti fi irin kan sára kírańkì tó ń yí nísàlẹ̀ kó lè bá a dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe máa bá a dọ́gba tán, ibi tó kù yẹn ló ń di gbígbọ̀n. Àwọn máṣíìnì kan ní irin mìíràn tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó pa gbígbọ̀n yìí lọ, àwọn ìyẹn máa ń jẹ́jẹ́, àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ní in. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí 6000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ń gbọ̀n 100 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbígbọ̀n yìí á gba ara fírémù, á gba ibi tí wọ́n ti di hándù mú láàárín, á wá jáde lẹ́nu hándù níbi tó o gbé ọwọ́ lé.

Hándù náà, páìpù lásán ni, ìbú ẹ̀ ò ju mìlímítà 22 lọ lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì, wọ́n di àárín ẹ̀ pinpin, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó di ẹnu ẹ̀ méjèèjì mú. Mú rúlà ọmọ ilé ìwé, tẹ ìdajì ẹ̀ mọ́ orí tábìlì, kó o ta ìdajì tó yọ síta, á gbọ̀n kíákíá. Lẹ amọ̀ díẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀ kó o tún ta á, wàá rí i pé ó ń rọra mì ni báyìí. Ohun tí irin ẹnu hándù ń ṣe nìyẹn. Gbogbo nǹkan tó bá lè gbọ̀n ló ní iye ìgbà tó bá a lára mu, tí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì bá wá ṣe déédéé pẹ̀lú iye yẹn, hándù á gbà á, á sọ ọ́ di ńlá. Kọ́ńpìnnì tó ṣe máṣíìnì ẹ mọ iye tí hándù yẹn fẹ́, wọ́n wá fi irin sí i lẹ́nu kí iye yẹn lè jìnnà sí eré tí èèyàn sábà máa ń sá, tó o bá yọ ọ́, iye yẹn á gòkè, ó lè gòkè bọ́ sórí eré tó o fi ń lọ láti Ìwó Road sí Òjòó gẹ́lẹ́, ó sì lè fo ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ ẹ fi lè sọ pé òun yọ tòun tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ kó má parọ́, kí ìwọ náà yọ tìẹ kí ọwọ́ ẹ máa jó ní eré 60 nìkan, tó o bá dé 70 kó tún dákẹ́.

Ẹnì kan á sọ pé, ṣebí àwọn máṣíìnì kéékèèké kan wà tí wọn ò ní irin yìí rárá, rọ́bà gíríìpù tó dí lẹ́nu ni wọ́n bá wá láti kọ́ńpìnnì, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Ẹni tó ṣe àwọn yẹn ṣírò hándù wọn láìsí irin. Tìẹ, irin wà nínú ìṣírò ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò yẹ ká fi wọ́n wé ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí, mo fẹ́ dúró lórí ẹ̀ díẹ̀, torí àwọn dìsípáàṣì kì í kà á sí. Tí gbígbọ̀n bá ń wọ ọwọ́ lójoojúmọ́, ìka á kọ́kọ́ máa kú, o lè bọ́ sílẹ̀ lórí máṣíìnì kó o máa fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ kí ọwọ́ má mọ̀ pé òun ti mú un. Ìyẹn máa ń lọ tó o bá sinmi. Tó bá wá di ọdún lórí ọdún, ó lè má lọ mọ́, iṣan ọwọ́ àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ìka á ti bà jẹ́, tí òtútù bá mú ìka á funfun, ó máa ń ṣe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ́ òkúta àtàwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé igi. Àwọn ará Yúróòpù ti ṣòfin lórí ẹ̀ láti ọdún 2002: tí gbígbọ̀n tó ń wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá ti tó 2.5 m/s² (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí gbígbọ̀n ṣe le tó) lórí iṣẹ́ wákàtí 8, ọ̀gá gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 5. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹ wọn tìẹ ní Challenge, ìwọ fúnra ẹ lo máa ṣọ́ ara ẹ. Ẹni tó ń gun máṣíìnì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday tàbí lọ kí Jímọ̀, tó bá yọ irin, kò fi bẹ́ẹ̀ kan mí. Ìwọ, ó kàn mí.

Ọ̀nà kan tún wà tó o fi lè mọ̀ láìjẹ́ pé o dúró de ọwọ́: wo inú dígí. Tí mọ́tò tó wà lẹ́yìn bá hàn kedere tẹ́lẹ̀, tó wá di bàìbàì nígbà tó o dé eré kan tó ò lè mọ̀ bóyá Máíkírà ni tàbí tírélà, gbígbọ̀n yẹn náà ló fà á. Ara hándù ni wọ́n sábà máa ń de dígí mọ́.

Tá a bá kúrò níbẹ̀, ká bọ́ sórí ìṣubú. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n máṣíìnì á ṣubú lọ́jọ́ kan, kódà tó bá jẹ́ pé ìdúró ẹsẹ̀ ẹ̀ ló rì wọlẹ̀ níbi tó o gbé e sí. Ẹnu hándù wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ fara gbá títì. Irin yẹn á fara họ, o lè pààrọ̀ ẹ̀ lówó kékeré. Tí kò bá sí níbẹ̀, gíríìpù ló máa gbá a, bíréèkì tàbí kílọ́ọ̀ṣì á tẹ̀ tàbí kó kán, ibi tí mo kórìíra jù sì ni ọwọ́ ọ̀tún níbi tó o ti ń fún un níná kó lè sáré: páìpù pílásítíìkì tó wà lábẹ́ gíríìpù yẹn á fọ́ tàbí kó wọ́ lẹ́nu, wàá gbé máṣíìnì dìde, wàá sítáàtì ẹ̀, iná á há sókè kò ní padà mọ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni páìpù tó ṣí lẹ́nu. Irin róbótó tó ní ihò láàárín, tó mú létí, tó bá gún èèyàn nítan tàbí níkùn, ṣe ló máa ń gé ẹran. Àwọn tó ń sáré ìdíje máṣíìnì káàkiri àgbáyé, FIM tó jẹ́ àjọ tó ń darí wọn ti kọ ọ́ sínú òfin pé ẹnu hándù ò gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi nǹkan líle dí i tàbí kí wọ́n fi rọ́bà bò ó. Àwọn tó wọ aṣọ aláwọ láti ọrùn dé ẹsẹ̀ nìyẹn o, ìwọ tó wọ jíńsì ńkọ́?

Ní ti yíyí hándù, ìyípadà wà ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ di ńlá. Ìwúwo tó bá jìnnà sí àárín máa ń ká èèyàn lọ́wọ́ kò ju èyí tó wà nítòsí lọ, tó o bá sún un jìnnà ní ìlọ́po méjì, agbára ẹ̀ láti kọ̀ kó má yí kíákíá á di ìlọ́po mẹ́rin, ẹnu hándù ló sì jìnnà jù. Tó o bá yọ ọ́, hándù á fẹ́lẹ́, á máa yára gbọ́ tìẹ, inú ẹlòmíì máa ń dùn sí i nínú go-slow. Ṣùgbọ́n tó o bá já sí kòtò, irú àwọn kòtò tá a jọ mọ̀ yẹn, hándù á yára já ọwọ́ ẹ síbi tó ò fẹ́ lọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí hándù ẹ bá ti ń mì jìgìjìgì fúnra ẹ̀ báyìí, irin kọ́ ni wàá fi wò ó o, lọ yẹ táyà iwájú wò, yẹ bẹ́ríìnì ọrùn ẹ̀ wò.

Tó o bá ṣì fẹ́ yọ ọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, kò burú, yọ ọ́ bó ṣe yẹ. Yọ méjèèjì, má yọ ẹyọ kan. Síkúrù tó dì í mú sábà máa ń le gan-an, torí láti kọ́ńpìnnì ni wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù síkúrù sí i, òjò Ìbàdàn sì ti bá a ṣe tiẹ̀. Tó bá jẹ́ sítà, má kàn mú sikurudáfà tó bá wà nílẹ̀. Máṣíìnì Japan ní sítà tiwọn tí wọ́n ń pè ní JIS, ó jọ Phillips ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò bára mu, tó o bá ki Phillips bọ̀ ọ́ tó o fipá yí i, á máa tì ẹ́ jáde ni, orí síkúrù á jẹ, ọ̀rọ̀ á wá di ti wẹ́ldà. Èyí tó dáa jù ni sikurudáfà onírin tó máa ń yí fúnra ẹ̀ tó o bá fi hámà lù ú lórí, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní in. Tó bá jẹ́ pé gọ́ọ̀mù pupa ni wọ́n fi dì í, ó nílò ooru tó tó 250 sẹ́ńtígíréètì kó tó rọ̀, jọ̀ọ́ má gbé iná gáàsì wẹ́ldà síbẹ̀, gíríìpù á yọ́, páìpù pílásítíìkì abẹ́ ẹ̀ á yọ́, irin gbígbóná tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó lẹ́ẹ̀dì ni kó o gbé lé orí síkúrù náà kó gbóná fúnra ẹ̀. Tí irin bá ń bá síkúrù yí, fi túùbù àlòkù wé e kó o wá fi páláyà dì í mú, kò ní họ.

Lára àwọn máṣíìnì kan, pàápàá Honda, èyí tó ò ń rí níta yẹn ìdajì ọ̀rọ̀ ni, irin gígùn mìíràn wà nínú páìpù tí rọ́bà gbé dúró, tó ní etí kékeré tó kọ́ ihò kan lára hándù. Èyí tó wà níta lo máa yọ, fi ti inú sílẹ̀ jàre, òun ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nípa gbígbọ̀n. Tó bá di dandan kó o dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, gíríìpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò, má fi ọ̀bẹ gé e, lọ bá fọkanáísà, kó fẹ́ atẹ́gùn sábẹ́ ẹ̀, á sì yọ láìsí ìjà.

Kí ló wá yẹ kó o fi síbẹ̀? Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ẹ ni irin tó kúrú ṣùgbọ́n tó wúwo, kò ní yọ síta tó ti tẹ́lẹ̀, á sì tún fi ìwúwo sílẹ̀ níbi tó yẹ kó wà. Tó o bá dé ọjà sípéà pátì ní Gate, wọ́n á kó àwọn aláwọ̀ mèremère jáde fún ẹ, pupa, búlúù, wúrà. Gbé e sọ́wọ́ kan, kó o gbé ti tẹ́lẹ̀ sọ́wọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ wọn álúmíníọ̀mù ni, inú wọn ṣófo, wọn ò tó 100 gíráàmù, nígbà tí ti kọ́ńpìnnì lè lé ní 200. Àwọn yẹn ni mo máa pè ní fáńsì. Wọ́n á dí ẹnu páìpù, wọ́n á gbá ilẹ̀ dípò gíríìpù, ṣùgbọ́n ti gbígbọ̀n, má retí púpọ̀ lọ́wọ́ wọn. Irin tó ń dáàbò bo ọwọ́, èyí tó lọ yípo láti ẹnu hándù dé àárín ẹ̀ lọ́hùn-ún, òun náà dáa, torí ó tún di ẹnu yẹn mú láti ibòmíràn, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí máṣíìnì fẹ̀ sí i, ìwọ sì ní o fẹ́ kó tín-ín-rín.

Ohunkóhun tó o bá fi síbẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀ àti gíríìpù, kó tó mìlímítà kan tàbí méjì. Tó bá fara kan ara, iná ò ní padà nígbà tó o bá fọwọ́ sílẹ̀, èmi ò mọ ohun tó tún burú tó ìyẹn níbi tó o ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Mọ́kọ́lá. Dán an wò kó o tó gbéra: pa ẹ́ńjìnì, yí hándù sósì pátápátá, fún un níná kó o jọ̀wọ́ ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbá padà "pá" fúnra ẹ̀, yí i sọ́tùn-ún, ṣe bákan náà. Fi gọ́ọ̀mù búlúù díẹ̀ sára síkúrù, ìyẹn á dì í mú, ó sì tún ṣeé tú lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn àtijọ́ tó o yọ, kó wọn sínú nylon kan pẹ̀lú síkúrù wọn, má tà wọ́n fáwọn tó ń ra irin àlòkù, torí ó ṣeé ṣe kó o padà wá wá wọn.

Tọ́wọ́ bá ti ń gbọ̀n ẹ́ báyìí tí irin ṣì wà níbẹ̀, ẹnu hándù kọ́ ni wàhálà ti wá. Ní kí mẹkáníìkì ẹ yẹ àwọn bóòtù tó de ẹ́ńjìnì mọ́ fírémù wò, ẹyọ kan tó bá ti tú nínú wọn tó láti sọ máṣíìnì di ẹ̀rọ ìlọta. Kó wo ibi tí wọ́n ti di hándù mú láàárín náà, tí rọ́bà bá wà níbẹ̀ kó wò ó bóyá ó ti jẹ. Ìwọ náà, má máa di gíríìpù mú bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á, bó o bá ṣe dì í mú tó ni gbígbọ̀n ṣe ń wọlé tó.

Ti iyanrìn, rárá o. Iyanrìn á fa omi mọ́ra, páìpù irin á sì dípẹtà láti inú wá láìjẹ́ pé o rí i, hándù tó bá sì kán lọ́wọ́ ẹni lórí eré kò ṣeé ròyìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ihò wà lára hándù níbi tí wáyà ń gbà wọlé lára àwọn máṣíìnì kan, iyanrìn á máa jò jáde níbẹ̀, á tún wọ abẹ́ gíríìpù ọwọ́ ọ̀tún, a sì ti sọ̀rọ̀ iná tó há. Tó o bá fẹ́ rọ nǹkan sínú hándù dandan, òjé wẹ́wẹ́ irú èyí táwọn apẹja máa ń so mọ́ àwọ̀n lo máa rà, kó o po ó mọ́ sílíkónì tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì, kó o rọ ọ́ sí nǹkan bíi ìka mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́nu páìpù nìkan, kó o jẹ́ kó gan mọ́jú. Bó ṣe wà ni kó o lò ó, má yọ́ òjé lórí iná o, èéfín ẹ̀ májèlé ni, wọ nylon sọ́wọ́ tó o bá ń kó o, kó o sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa kó o tó fọwọ́ kan oúnjẹ.